Bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń mọ ohun tó wà nínú apààyàn

Ẹni mẹ́rin lè fa ikú ní Kétu, kí ẹ̀ṣẹ̀ wọn má sì dọ́gba níwájú òfin Bẹ̀nẹ̀. Onízém, ìyẹn ẹni tó ń fi alùpùpù kérò, tó sáré àsápajúdé lu arúgbó pa létí ọjà kò gbèrò ibi; àìbìkítà rẹ̀ ló pààyàn. Ẹni tó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí, tíyẹn ṣubú, tó forí sọ òkúta, mọ̀ọ́mọ̀ lù ú ni, kò fẹ́ kó kú. Ẹni tó ṣá ẹlòmíràn lọ́rùn nínú ìjà, tó sì fẹ́ kó kú, òun ni Faransé ń pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní meurtre. Èyí tó pọ́n àdá lálẹ́ àná, tó lọ lúgọ sọ́nà oko, tirẹ̀ ni assassinat, òun ló wúwo jù.

Ṣùgbọ́n ta ló rínú? Ọwọ́ ni adájọ́ máa ń wò. Ká ní àwọn méjì ń jà sí ààlà oko, ọ̀kan fa ẹ̀rúkọ́ yọ. Ṣé ojúgun ló nà án sí, àbí orí? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ó tún lù ú lẹ́yìn tó ti wà nílẹ̀? Kí ló ti sọ ṣáájú? Ṣé ó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, àbí ó lọ fọ ẹ̀rúkọ́ lódò? Agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí èyí hàn. Bí iyèméjì bá kù, ti olùjẹ́jọ́ ni.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju gbogbo èyí lọ: kí wọ́n lu ènìyàn títí yóò fi sọ pé, “Mo fẹ́ pa á.” Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ẹnu tí ìyà mú sọ̀rọ̀ kò sọ ohun tó wà nínú. Nítorí èyí ni abala 18 Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 fi ka ìfìyàjẹni léèwọ̀, tó sì ní atìmọ́lé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú ẹni náà dé iwájú adájọ́. Bí ọ̀ràn bá tiẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Abala 17 ní aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ẹjọ́ gbangba yóò fi dá a lẹ́bi, lẹ́yìn tó ti rí àyè gbèjà ara rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Bí wákàtí 48 náà bá kọjá láìmú ẹni náà dé iwájú adájọ́, ẹbí rẹ̀ lè kọ̀wé fúnra wọn sí Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọ̀nù. Àsìkò tí wọ́n mú un gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.