Ìsopọ̀ ara àti ọkàn

Ìsopọ̀ ara àti ọkàn ni bí èrò, ìbẹ̀rù, ọ̀fọ̀ àti ayọ̀ ṣe ń hàn lára ènìyàn, àti bí ipò tí ara wà ṣe ń padà darí ọkàn. Àwọn oníṣègùn máa ń mẹ́nu kàn án níbi ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì, ìjayà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìróorunsùn, àti inú rírun tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀. Abẹ́òkúta ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro, níbi tí ẹbí, oko àti abúlé ti di ara ìtọ́jú ní 1954.

Nínú èdè Yorùbá

Ó ṣòro fún ẹni tó ń sọ Yorùbá láti sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀yà ara kan. Inú ni ìbínú àti ìbànújẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀: nǹkan a máa bí ni nínú, a sì máa ba inú ẹni jẹ́. Ẹ̀rù a máa já àyà. Ẹni tó ń gbaná jẹ, wọ́n á ní kó fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ọkàn ni ẹran ara tó ń fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri, òun náà sì ni ibi tí a ń fi èrò àti ìfẹ́ sí. Kódà orí kì í ṣe agbárí nìkan, nítorí orí inú wà, òun la sì ń bẹ̀ pé kó má ba tòde jẹ́.

Àkànlò èdè ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkànlò lásán. Ẹni tí inú bá ti bí rí mọ̀ pé inú náà máa ń le lóòótọ́. Ní Yúróòpù, René Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ya ọkàn tó ń ronú sọ́tọ̀ kúrò lára ara nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1641, ìṣègùn ibẹ̀ sì tẹ̀lé ìpín náà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1977 ni George Engel, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àìsàn kì í ṣe ti ẹran ara nìkan, pé kí dókítà máa wo ara, ọkàn àti àwùjọ aláìsàn pọ̀. Babaláwo tó ń bi aláìsàn léèrè bí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe jọ ń gbé kò nílò kí Engel sọ fún un.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ká ní ìyálọ́jà kan jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Kútọ̀, wọ́n wá pè é lórí fóònù pé ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ láti Èkó ti ní jàǹbá. Kí ó tó béèrè bóyá ọmọ náà wà láàyè, àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ibi kékeré kan nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu, tí wọ́n ń pè ní amygdala, ló ti ké gbàjarè. Iṣẹ́ náà gba inú iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ lọ sọ́dọ̀ kókó kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, àwọn náà sì tú èròjà tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ń sáré, ṣúgà ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń fi ìfun sílẹ̀ lọ síbi ẹran ẹsẹ̀ àti apá. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1915 gẹ́gẹ́ bí ìmúra ara láti jà tàbí láti sá. Ọmọ náà lè wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láìfarapa, síbẹ̀ gbogbo ara ìyá rẹ̀ á máa dùn ún di ọjọ́ kejì.

Ìjayà ọjọ́ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ti gbèsè, ti ìjà inú ilé, ti ọmọ tí kò ríṣẹ́, èyí tí kì í lọ, ló le. Hans Selye, olùwádìí nípa ìdààmú ara, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1936. Nígbà tí ìdààmú bá pẹ́, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ cortisol kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Oorun á dàrú, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà á sì dínkù. Ìfun náà kò gbẹ́yìn. Ó lé ní mílíọ̀nù 100 sẹ́ẹ̀lì iṣan tó wà lára ògiri rẹ̀, iṣan vagus sì so wọ́n mọ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ tó ń ti ìfun lọ sókè nínú iṣan yìí pọ̀ ju èyí tó ń ti ọpọlọ bọ̀ wálẹ̀ lọ.

Ní 1975, Robert Ader àti Nicholas Cohen fún àwọn eku ní omi dídùn pẹ̀lú oògùn kan tó ń rẹ agbára ìdáàbòbò ara sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n tún fún wọn ní omi dídùn náà láìsí oògùn, agbára ìdáàbòbò àwọn eku náà tún lọ sílẹ̀. Ara wọn ti kọ́ ọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka ìmọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀, tó ń wo bí ọpọlọ àti agbára ìdáàbòbò ara ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1978 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí lára àwọn tí wọ́n yọ eyín fún fi hàn pé ìrora lè dínkù fún ẹni tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, àti pé naloxone, oògùn tó ń dènà èròjà apàrora tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀, a máa dá ìtura náà dúró. Ìgbàgbọ́ aláìsàn nínú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ohun tí ó ń gbé ṣe nínú ara.

Àwọn dókítà ní Japan ṣàpèjúwe àrùn ọkàn kan ní 1990 tí wọ́n sọ ní takotsubo, orúkọ ìkòkò tí wọ́n fi ń mú ẹja octopus, nítorí pé apá kan ọkàn aláìsàn máa ń wú bí ìkòkò náà. Lẹ́yìn ìròyìn ikú tàbí ìpayà ńlá ló sábà máa ń dé, àwọn obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá kì í sọ ìròyìn ikú fún abiyamọ lójijì. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kó jókòó, wọ́n á pe ẹnì kan tó sún mọ́ ọn, wọ́n á máa yí ọ̀rọ̀ ká. Ọgbọ́n yẹn ti wà kí orúkọ Japan náà tó dé.

Lántòrò àti Aro

Ní 1944 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Lántòrò, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́. Ìtọ́jú ibẹ̀ kò ju ìtìmọ́lé lọ. Ilé-ìwòsàn tuntun ní Aro, ní ẹ̀yìn ìlú, ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ọ tán nígbà tí Thomas Adéoyè Lámbò dé ní 1954.

Wọ́n bí Lámbò ní Abẹ́òkúta ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ìlú náà, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Òun ni a sábà máa ń kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ Òyìnbó nínú ìṣègùn àrùn ọpọlọ. Kò dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé bí ayálégbé. Aláìsàn kì í dá wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a dé, kó máa se oúnjẹ fún un, kó fọ aṣọ rẹ̀, kó sì mú un lọ sílé-ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oògùn bíi chlorpromazine, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà yẹn, tàbí ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé, sí oko, sí ijó, sí ìdí ayò.

Ilé-ìwòsàn náà yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn, ó ṣètò omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ń gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn ará abúlé jèrè, nítorí náà wọn kò lé aláìsàn. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti máa bójú tó eré àti ìpàdé àwọn aláìsàn, ohun tó bí àwọn kan nínú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kàwé ní òkè òkun. Ìdí rẹ̀ rọrùn: àwọn ló mọ ohun tí aláìsàn gbà pé ó ń ṣe òun. Ohun tó mú kí ètò náà dúró, ní ojú ẹni tó ń kọ èyí, ni ìbátan tó ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé náà. Aláìsàn tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tíì sọnù.

Ewé kan so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀ dáadáa. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún wèrè, ní reserpine nínú. Láti ara ewéko Íńdíà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine ní 1952, tí wọ́n sì lò ó fún àrùn ọpọlọ àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn kan náà ló ń pa ariwo orí tó sì ń rọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní 1961, Abẹ́òkúta gba àpérò àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Áfíríkà lálejò. Ní ọdún náà ni Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn olùwádìí lọ sí àwọn abúlé agbègbè náà; ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní depression, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹkún, àìlèjẹun, àìróorunsùn, kò sí èyí tí wọn kò mọ̀. Lámbò padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì kú ní 2004.

Ọdẹ orí àti orí akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìjayà ń dà láàmú kì í sọ pé inú òun bàjẹ́. Wọ́n á ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bí eèrà, orí ń gbóná, etí ń hó, àyà ń já. Ọdẹ orí ni Yorùbá ń pè é, bí ẹni pé ọdẹ kan ń dọdẹ nínú agbárí. R. O. A. Makanjuola kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1987, ó sì sọ pé àmì ara ló gbawájú nínú rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1960, Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kì í wọ orí wọn mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí ọrùn wọn ń jó bí iná. Àwọn fúnra wọn sọ ọ́ ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí ìjayà tó wọ aṣọ mìíràn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù ọ̀sẹ̀ méjì, àríyànjiyàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ní ìgbésí ayé ojoojúmọ́

Bí ọkàn ṣe ń gba ara dàrú, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè gba ara wọlé sí ọkàn. Mímí díẹ̀díẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, a máa ta iṣan vagus jí, ìlù ọkàn á sì rọ̀. Eré ìdárayá náà ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún àgbàlagbà, kò sì pọn dandan kó jẹ́ jíìmù: gígun àtẹ̀gùn Olúmọ tàbí fífi ẹsẹ̀ rìn láti Sápọ̀n lọ sí Ìtòkú wà lára rẹ̀. Oorun ṣòro díẹ̀ ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ń ké mọ́jú.

Ní 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé, fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú wọn bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé e wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí kílíníìkì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn ìwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé àǹfààní náà wà, ó kàn kéré ni. Ní ilé ọ̀fọ̀ Yorùbá, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn tó wá sọ "ẹ kú ará fẹ́ra kù" á jókòó, olóòkú á tún ìtàn ikú náà sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi lè sọ ọ́ láìsunkún. Wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ibi tí ó mọ

Ìsopọ̀ yìí kò sọ pé èrò ló ń fa gbogbo àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí aláìsàn ronú rere kó sì gbádùn. Ibà kì í lọ nítorí pé ọkàn balẹ̀. Wárápá àti wèrè ń fẹ́ oògùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ torí mímí díẹ̀díẹ̀ tàbí àdúrà fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ara ló kọ́kọ́ ṣàìsàn: àìtó ẹ̀jẹ̀, ìṣòro kókó ọrùn àti ọmọ bíbí lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìjayà wá. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú orí gbígbóná àti àyà jíjá, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tó ti wà láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgboro Abẹ́òkúta, èébú ni "wọn ò bá gbé ọ lọ Aro" ṣì jẹ́, ọ̀pọ̀ tí orí ń gbóná fún sì ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo, tàbí kí wọ́n ra oògùn orífífọ́ ní kẹ́míìsì.