Ìgò ìtọ̀ aboyún: ohun tí wọ́n ń kà ní láàbù

Orúkọ tí ará Èkó fún àìsàn kòkòrò inú ìtọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. "Tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" ni wọ́n ń pè é láti Ìdúmọ̀tà títí dé Agége, torí náà bí ìtọ̀ bá ń ta aboyún, ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo yàrá jọ ń lò ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ilé ìyàgbẹ́ ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Kòkòrò tó sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni E. coli, inú ìfun aboyún fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé tẹ́lẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti ihò ìdí sí ihò ìtọ̀, ìrìn díẹ̀ ni. Láti ihò ìtọ̀ dé àpò ìtọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré ni lára obìnrin, nígbà tí ti ọkùnrin ń lọ sí bíi 20. Ará ilé ló kúrò ní yàrá tirẹ̀, tó lọ tẹ́ ẹní sí yàrá ẹlòmíì. Ẹni tó bá sì ń fi omi apakòkòrò tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara nítorí ẹ̀rù tọ́lẹ́ẹ̀tì, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ló ń lé lọ: àwọn kòkòrò rere wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí E. coli ráyè.

Oyún ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí di ńlá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀, ó sì máa ń fún ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa lọ. Bí oyún bá dé, progesterone, họ́mọ́ọ̀nù oyún tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á mú kí ọ̀pá náà dẹ̀, kó fẹ̀, kó sì máa lọ́ra. Ilé ọmọ tó ń tóbi á tún wá tẹ̀ ẹ́, ti apá ọ̀tún jù, torí apá ọ̀tún ni ilé ọmọ sábà máa ń yí sí. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ irú rẹ̀ dáadáa. Lójọ́ tí ọ̀sà bá kún, gọ́tà ò ríbi da omi sí. Ohun tí gọ́tà tó ń ṣàn kì í gbà láyè, èyí tó dúró á gbà á: kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, tanwíjí ti ń jó nínú rẹ̀. Ti aboyún tún le díẹ̀ sí i, nítorí ṣúgà máa ń jò sínú ìtọ̀ nígbà oyún, bí ìgbà tí olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà bá ń da omi ìfọwọ́ sínú gọ́tà tí kò ṣàn yẹn kan náà.

Ohun tó burú jù ni pé kì í sábà dun èèyàn. Nínú aboyún 100, bíi 2 sí 10 ló ní kòkòrò nínú àpò ìtọ̀ tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gòkè dé kíndìnrín lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan nínú wọn. Nígbà náà ni ibà gbígbóná á bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òtútù, èébì, àti ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn lábẹ́ egungun ìhà, lọ́wọ́ ọ̀tún jù. Ní Èkó, ibà yòówù kó jẹ́, oògùn ibà ẹ̀fọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò sí i. Ọjọ́ méjì á lọ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín á máa jóná, ọmọ inú á sì fẹ́ jáde kí oṣù tó pé.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ aboyún tí ara rẹ̀ le koko, láàrin ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 tàbí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀. Níbí gan-an ni iṣẹ́ náà ti sábà máa ń bàjẹ́. "Mọ́mì, ẹ lọ tọ̀ síbí wá," ìgò dé ọwọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ̀. Wọ́n á la ètè ojú ara sọ́tọ̀, wọ́n á fi omi mímọ́ nù ún láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ á lọ sílẹ̀, torí òun ló ń fọ kòkòrò ẹnu ọ̀nà dànù. Èyí tó wà láàrin ni wọ́n á fi ìgò gbè, bíi mìlílítà 10 sí 20, kí ìka má kan inú ìgò tàbí inú ọmọrí. Ìyókù á lọ sílẹ̀. Ìgò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí láàbù fúnni. Ike yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn kò lè rọ́pò rẹ̀.

Àsìkò ló kù. Láàrin wákàtí 2, ó yẹ kí ìtọ̀ náà ti dé orí tábìlì láàbù. Bí ooru àti oúnjẹ bá tẹ́ E. coli lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú 20. Ká ní 1,000 péré ló wà nínú mìlílítà kan: lẹ́yìn wákàtí kan, 8,000, lẹ́yìn wákàtí méjì, 64,000, fi ogójì ìṣẹ́jú kún un, ó ti di 256,000. Ìgò tó wà nínú báàgì, nínú dánfó, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland Bridge, ó dà bí àgbàdo ògì tí wọ́n rẹ: ẹni tó bá tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kẹta kò lè fi kíkan rẹ̀ mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó wọ omi. Bí kò bá sí bí yóò ṣe tètè dé, fíríìjì ni kó lọ, níbi tó tutù tó dígírì 4, ó sì lè wà níbẹ̀ di wákàtí 24. Kó má ṣe dì.

Ní láàbù, wáyà tín-ín-rín kan wà tí etí rẹ̀ ká bí òrùka. Bí wọ́n bá pín mìlílítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan péré ló ń gbà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi fa ìlà sórí oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì gbé e sínú ooru dígírì 37 di ọjọ́ kejì. Ọgbọ́n ibẹ̀ dùn: ẹyọ kòkòrò tí ojú ò lè rí á bímọ títí ó fi di ẹ̀kán tí ojú lásán rí, nítorí náà kíka ẹ̀kán ni kíka kòkòrò. Ẹ̀kán 100 túmọ̀ sí 100,000 nínú mìlílítà kan, òǹkà tí Edward Kass, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 láti fi ya kòkòrò inú àpò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹnu ọ̀nà. Lórí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní MacConkey, ẹ̀kán E. coli máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù pọ̀, ìgò ti dọ̀tí, kí wọ́n gba òmíràn ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á to bébà róbótó tí wọ́n rẹ sínú oògùn sórí kòkòrò náà. Oògùn tó bá lágbára á pa àyíká rẹ̀ mọ́ roro.

Ìyẹn ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí ti káàdì, ni ọ̀pọ̀ ibi ṣe ń fi bébà aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ìtọ̀ dípò rẹ̀. Nitrite ni bébà yìí ń wá, ohun tí kòkòrò ń ṣe láti ara nitrate inú ìtọ̀, ó sì ń gba bíi wákàtí 4 nínú àpò kó tó hàn. Aboyún wo ló ń dá ìtọ̀ dúró fún wákàtí 4? Àwọn kòkòrò kan ò tilẹ̀ ń ṣe é rárá. Àjọ ìlera àgbáyé (WHO) sọ ọ́ kedere ní 2016 pé kíka kòkòrò ni kí wọ́n fi ṣe é, níbi tí kò bá sì ti sí i, kí wọ́n lo Gram stain, ìyẹn kí wọ́n fi àwọ̀ kun kòkòrò kí wọ́n sì fi maikirosíkópù wò ó, ó sàn ju bébà lọ. Kí wọ́n máa dúró de ìgbà tí aboyún bá ráhùn kí wọ́n tó kọ tẹ́ẹ̀sì fún un, fún àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn ráhùn, àṣìṣe ńlá ni.

Oògùn ọjọ́ 7 ni WHO là sílẹ̀ fún èyí tí kò dun ni, inú ìgò sì ni ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Cephalexin wà, amoxicillin náà bí bébà róbótó bá ti jẹ́rìí sí i. Nitrofurantoin dára, àmọ́ kò yẹ nígbà tí ìbí bá sún mọ́lé, kò sì yẹ fún ẹni tí G6PD rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò tó, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Trimethoprim kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Tetracycline àti ciprofloxacin tí kẹ́míìsì máa ń tètè nawọ́ sí, kí aboyún má gbà wọ́n. Bíi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oògùn bá tán, wọ́n á tún gba ìtọ̀ mìíràn.

Kòkòrò kan wà tí wọn kì í dúró de 100,000 kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀: Group B Streptococcus. Iyekíye tó bá hù nínú ìtọ̀, orí káàdì aboyún ló ń lọ, kí ẹni tó máa gbẹ̀bí lè rí i kó sì fa penicillin sí i lára nígbà tó bá ń rọbí kí kòkòrò náà má baà ran ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ ti tọ́jú ti inú ìtọ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.