Ṣé ọmọ Àjàṣẹ́ lè lọ ṣí buvẹ́ẹ̀tì ní erékùṣù Sal? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi obìnrin kan ní buvẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàńdó, níbí ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ní Bénin. (Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, buvẹ́ẹ̀tì ni ilé ọtí kékeré tí wọ́n máa ń to àga rẹ̀ dé ojú títì.) Ó rí fọ́tò Sal lórí fóònù, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Cabo Verde, tí àwa tó ń sọ Faransé ń pè ní Cap-Vert: iyanrìn títẹ́ lọ súà, omi tó dà bí aró, òyìnbó tó na ara sínú oòrùn tòun ti ife lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ kí n sinmi, torí ó mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura kan níbẹ̀ rí. Mo kó ìbéèrè rẹ̀ jọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo máa gba físà?

Rárá. Cabo Verde wà nínú CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Mú pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kó o sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọlọ́pàá pápákọ̀ òfurufú lè bi ọ́ níbi tó o máa dé sí, iye tó wà lọ́wọ́ rẹ àti ọjọ́ tó o máa padà. Tó o bá ń kólòlò níwájú rẹ̀, orúkọ CEDEAO kò ní gbà ọ́ sílẹ̀.

Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń débẹ̀ o. Erékùṣù mẹ́wàá ni wọ́n, nínú òkun Àtìláńtíìkì, ó tó nǹkan bí 570 kìlómítà sí etíkun Sẹ̀nẹ̀gà. Dákà ni ìlú ńlá lórí ilẹ̀ Áfíríkà tó sún mọ́ wọn jù.

Tí mo bá sáà ti wọlé, ṣé n kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í tà ni?

Ọjọ́ àlejò ni 90 ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dúró máa gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí àjèjì àti ibodè, Direção de Estrangeiros e Fronteiras. Ní ti iṣẹ́, wọ́n máa fún ọ ní nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní NIF. O máa lọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Casa do Cidadão, ọ́físì ìjọba kan, níbi tí wọ́n ti ní ètò kan tó lè parí ìforúkọsílẹ̀ lójú ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, o máa gba ìwé àṣẹ ilé ọtí lọ́dọ̀ Câmara Municipal, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tó dà bíi mẹ́ẹ̀rì tiwa. Orúkọ ilé iṣẹ́ kì í pẹ́. Ìwé ìgbélùú ló ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní kó o má ṣe wàhálà, pé ilé ọtí kan wà tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà, tòun ti àga, firíìjì àti orúkọ. Bi í pé kí ló ń lé e lọ. Ní kó gbé ìwé tó ń kọ ọjà sí wá, kì í ṣe ti oṣù kejìlá nìkan, ti oṣù kẹfà náà. Tó bá ní ìwé ti sọnù, kí i pé ó dàárọ̀.

Fọ́tò fi hàn pé àlejò kún Sal fọ́fọ́. Kí ló wá dé tí ilé ọtí tún ń kógbá wọlé níbẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi mí nìyí, torí òun ló ń ya gbogbo ẹni tó bá dé Sal lẹ́nu.

Wo ọrùn ọwọ́ àwọn àlejò náà dáadáa. Ẹ̀gbà ọ̀rá kan wà níbẹ̀. Ilé ìtura kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bọ́ ọ wẹ̀, wọn kì í bọ́ ọ sùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń padà sílé ni wọ́n máa fi sìsọ́ọ̀sì gé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olúwarẹ̀ ti san gbogbo owó láti ìlú rẹ̀, ní Manchester tàbí ní Lisbon: ọkọ̀ òfurufú, ibùsùn, oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, àti ọtí. Tó bá dé ìdí ọtí nínú ilé ìtura, á kàn na ọwọ́ ẹ̀gbà yẹn, wọ́n á sì gbé bíà fún un. Mo ti dúró lẹ́yìn káńtà yẹn. O lè ta ọtí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó o má fojú kan owó. Kí ló máa mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde lórí àga, kó rìn nínú afẹ́fẹ́ (afẹ́fẹ́ Sal kì í ṣeré o, òun ló ń fa àwọn tó ń fi kaìtì sáré lórí omi wá síbẹ̀), kó wá fi owó ra ohun tó ti sanwó rẹ̀ tán?

Àwọn kan máa ń jáde ṣá. Ọbẹ̀ ilé ìtura a máa sú ènìyàn ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún. Orin ló sábà máa ń fa irú wọn wá: gìtá kan, obìnrin kan tó ń kọ morna, orin àárò tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àṣà ayé ní 2019. Ilé ọtí ni Cesária Évora, olórin morna tó lókìkí jù, pàápàá ti kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Mindelo, ìlú kan ní erékùṣù São Vicente, kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jáde wá gbọ́ orin lè mu ife kan ṣoṣo fún wákàtí méjì. Olórin yóò sì gba owó tirẹ̀.

Ta wá ni ń fi owó ara rẹ̀ mu bíà ní Sal? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni. Agbóúnjẹ, awakọ̀, bíríkìlà, àwọn tó ń tún yàrá ṣe, àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti Guinea-Bissau tó ń ta ère àti ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé Santa Maria, níbi tí ilé ìtura wà, nítorí owó ilé. Espargos ni wọ́n ń gbé, ìlú tó wà láàárín erékùṣù náà, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Kò sí ẹni tó ń fi fọ́tò Espargos polówó. Kò sí òkun níwájú ìlẹ̀kùn, títì àti ilé ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ní owó láti ṣí ilé ọtí lọ́la, Espargos ni mo ń lọ. Ohun tí ìwọ sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn: o mọ ẹni tó máa sanwó lópin oṣù, o mọ ẹni tí ìgò kẹta máa ń sọ di oníjà, o mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àga fún ọ̀gá tó máa ń dé ní agogo mẹ́jọ. Òyìnbó tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù létí òkun kò mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Owó wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé owó wọn lágbára.

Escudo ni wọ́n ń ná. Ó so mọ́ yúrò, 110.265 fún yúrò kan; sẹ́fà tiwa náà so mọ́ yúrò, 655.957. Ìdí nìyẹn tí escudo kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́fà mẹ́fà nígbà gbogbo, kò sì ń lọ sókè sódò bíi náírà. Bíà tí wọ́n bá kọ 200 escudo sí, nǹkan bí 1,190 sẹ́fà nìyẹn.

Má tíì jó. Sal kì í rí òjò tó nǹkan. Omi òkun ni wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ènìyàn tó rí omi lò. Iná wọ́n, torí epo tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, láti òkèèrè ló ti ń wá. O wá mọ ohun tí yìnyín máa ná ọ. Tòmátò, ọ̀dùnkún, ìnulé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Ní Wàńdó níbí, o máa ń ka ìgò òfìfo sínú kéèsì láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á gbé e lọ, á sì gbé èyí tó kún padà kí oòrùn tó mú. Ìwọ̀nba owó lo fi ń yí i. Níbẹ̀, ọjà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lo máa rà kalẹ̀, torí ọkọ̀ lè pẹ́. Ilé tí kò bá ní yàrá ìkẹ́rùsí, má gbà á.

Owó orí ọjà wọn, tí wọ́n ń pè ní IVA, jẹ́ 15 nínú 100. Ètò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ wà fún ilé iṣẹ́ kéékèèké. Oníṣirò owó ibẹ̀ ni kó o bi. Kó o sì ní owó oṣù mélòó kan nípamọ́ tí o kò ní fọwọ́ kàn. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ọkọ̀ òfurufú òkèèrè kò bà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, erékùṣù tó ń fi àlejò jẹun sì jókòó lásán.

Ṣé mo lè kó sọ́dábì, ògógóró tiwa, lọ?

Ìgò kan láti fi ṣe àlejò, kò burú. Láti tà á, o máa sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù, o máa ní ìwé, kò sì dá mi lójú pé wàhálà náà tó èrè. Ọtí gbígbóná tiwọn ni grogue, tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe, èyí tó lórúkọ jù sì ń wá láti erékùṣù Santo Antão. Fi ọjọ́ kan tọ́ ọ wò. Ẹni tí sọ́dábì ti kọ́ lọ́nà ọ̀fun kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Bíà tiwọn ni Strela, Praia, olú-ìlú wọn, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Èdè ńkọ́? Faransé, Ègùn àti Yorùbá ni mo gbọ́.

Potogí ni èdè ìjọba, Kíríólù ni wọ́n ń sọ nílé àti nídìí ọtí. Kíríólù ni kó o kọ́kọ́ kọ́, Potogí fún ìwé. Faransé á ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.

Nǹkan kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìlú kan wà ní Santo Antão tó ń jẹ́ Porto Novo, níbi tí ọkọ̀ ojú omi láti Mindelo ti ń gúnlẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́ níbi tó o ti wá, tó o sì dáhùn pé Porto-Novo, wọ́n á ní kí lo ṣe ń sọ Kíríólù bí àjèjì. Kọ Bénin sára ẹrù rẹ gàdàgbà.

Ìyá wa Àlhájà ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọtí lókè òkun.

Ṣé wọ́n fẹ́ gbọ́ ti Wàńdó ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, n kò dá sí i. Àmọ́ erékùṣù Fogo ń gbin kọfí tó dára gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura sì máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń ta kọfí, búrẹ́dì àti ẹyin ní Espargos ní agogo márùn-ún ìdájí, ọjà rẹ̀ lè yá ju ti olọ́tí lọ.

Ìgbà wo ni kí n lọ wò ó?

Má lọ ní oṣù kejìlá. Láti oṣù kọkànlá dé ìkẹrin ni òtútù ń lé àwọn ará Yúróòpù wá, gbogbo ilé ọtí ló ń dára lójú nígbà yẹn. Má lọ láàárín oṣù kẹsàn-án náà, torí àjọ̀dún orin Santa Maria. Lọ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Gba yàrá ní Espargos, má gbà á létí òkun. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ ọjọ́ Ajé, yan ilé ọtí kan, ra ohun mímu kan, jókòó níbi tí o ti ń rí káńtà, kó o máa ka iye ẹni tó yọ owó.