Ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ìtàn Èkó ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ Èkó, ẹbúté rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń bá pàdé nínú iṣẹ́ jọ́gíráfì àti iṣẹ́ ìtàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì fojú kan òkun rí, ọ̀nà mọ́tò láti ibẹ̀ dé Èkó sì ju 200 kìlómítà lọ. Nítorí náà, ó sàn kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àpáta tí àwọn ọmọ náà ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì tẹ̀ lé omi odò títí dé etí òkun.

Àpáta lókè, yanrìn nísàlẹ̀

Orí àpáta líle àtijọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Púpọ̀ nínú gíránáìtì ilẹ̀ Yorùbá ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ní Èkó, yanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ tí omi kó jọ ló wà lókè, àpáta líle sì jìnnà púpọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga lè jẹ́rìí sí i: ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò pẹ́ tí irin rẹ̀ yóò fi kan àpáta, ní Èkó, omi kì í jìnnà, àmọ́ iyọ̀ lè wà nínú rẹ̀ bó bá ti sún mọ́ òkun.

Odò ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Odò Ọ̀bà, tí wọ́n sé kí Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa rí omi ẹ̀rọ, ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó sì ń dara pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun nísàlẹ̀ Ìwó. Ọ̀ṣun náà sì ń já sí Ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn, tó ṣẹ̀ ní agbègbè Ṣakí, ń lọ sí Ọ̀sà Èkó. Yanrìn tí irú àwọn odò bẹ́ẹ̀ ti ń wọ́ láti ìgbà láéláé, lára òkúta tí oòrùn àti òjò ti jẹ, wà lára ohun tí ilẹ̀ Èkó fi wà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ tó kí ó fi ìka tọ ipa odò lórí máàpù, láti ilé rẹ̀ dé ọ̀sà.

Àwọn iṣẹ́ ọwọ́

Igò oníke kan tó mọ́ gaara tó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọn yóò bu ilẹ̀ etí odò sínú rẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, wọn yóò da omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, wọn yóò dé e, wọn yóò gbọ̀n ọ́n dáadáa, wọn yóò sì gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án mọ́. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, kíá. Erùpẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e. Omi tó kù lókè lè ṣì rí bí omi amọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni odò ṣe ń ṣe: níbi tí omi bá ti rọra, ibẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń já sí.

Iṣẹ́ kejì gba òkúta máábù, èyí tó wà ní Ìgbẹ́tì ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí wọ́n bá lọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná, tí wọ́n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, yóò hó. Gíránáìtì kò ní ṣe ohunkóhun. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò hó bákan náà, ìkarahun ẹran omi inú rẹ̀ sì fi hàn pé òkun ti bo ibẹ̀ rí, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tó lọ́ràá jù ni ti ọpọ́n fífẹ̀. Wọn yóò to yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí etí òkun, wọn yóò bu omi sí èyí tó kù, wọn yóò sì máa fi pákó pẹlẹbẹ ti omi láti igun kan, kì í ṣe tààrà, kí ìgbì lè máa wọ́ yanrìn lọ sí apá kan. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbé òkúta méjì síbẹ̀ bí ògiri ẹnu ọ̀nà ẹbúté. Kò ní pẹ́ tí yanrìn yóò fi gbárajọ sẹ́yìn òkúta kan, tí omi yóò sì máa jẹ etí ilẹ̀ ní òdìkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an nìyẹn. Yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń bá wọn kó ẹrù àti èrò. Láti 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọ inú òkun, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin kó òkúta wá láti agbègbè Abẹ́òkúta, àpáta ilẹ̀ Yorùbá tó lọ dá òkun dúró. Ọ̀nà omi jìn sí i, wọ́n sì kọ́ ẹbúté Àpápá ní àwọn ọdún 1920. Àmọ́ yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní Victoria Island fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògiri Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun, tí wọ́n ṣètò pé kí ògiri náà gùn tó nǹkan bí 8.5 kìlómítà, ni wọ́n fi dá a dúró níbẹ̀.

Ìtàn láti ẹnu àwọn àgbà

Láti nǹkan bí 2009, iṣẹ́ ìtàn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ mọ́ nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Àdánù gidi ni àwọn ọdún yẹn, nítorí àwọn àgbà tó yẹ kí a bi léèrè ń lọ.

Ìwé lè sọ ti àwọn Àwórì tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó, ti ìbọn àgbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, àti ti Ọba Dòsùnmú, tó fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861. Ọ̀nà reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Òṣogbo àti Ọ̀fà dé Ìlọrin láìkan Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá Gánà, títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwọn àlejò tí kò níwèé jáde ní 1969. Ìròyìn irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú ilé. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kí ó tó bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo lẹ wọ̀? Ẹrù wo lẹ kó? Èló lẹ san?” yóò rí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ó sì kọ ọjọ́ tó gbọ́ ọ sí i.

Ìrìn àjò

Bí owó bá wà, Mùsíọ́mù Oníkàn, tó ṣí ní 1957, àti Ìga Ìdúngánràn, ààfin Ọba Èkó, tọ́ sí àbẹ̀wò ní Èkó. Láti Tarkwa Bay, wọ́n lè fojú rí ògiri òkúta ẹnu ọ̀nà ẹbúté. Omi etí òkun Èkó lágbára; ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí owó kò bá sí, iṣẹ́ ọpọ́n ṣì ṣeé ṣe lórí ẹbúté Lẹ́kí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023 ní ìlà-oòrùn Èkó: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé òkúta rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ibi tí yanrìn yóò gbárajọ sí àti abúlé tí omi yóò kọ́kọ́ jẹ etí rẹ̀.