Orúkọ tó wà lẹ́yìn pátákó: bí àwọn ọba Qing ṣe ń yan àrólé ní ìkọ̀kọ̀

Lókè ìtẹ́ inú gbọ̀ngàn Qianqing, ní ààfin Beijing, pátákó gbọọrọ kan wà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí: "Zheng da guang ming". Ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin àti ìmọ́lẹ̀ ni. Ọba Shunzhi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Láti 1723, ẹ̀yìn pátákó yìí ni àwọn ọba Qing, ìdílé ẹ̀yà Manchu tó jọba lé Ṣáínà lórí, ń fi orúkọ ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn wọn pamọ́ sí, nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí títí ọba yóò fi wàjà. Ìjà ọbàkan nílé Kangxi, ọba tó jẹ lẹ́yìn Shunzhi, ló bí àpótí náà.

Àṣà méjì ni Kangxi dà pọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọba Ming tó ṣáájú Qing máa ń fi ọmọ olorì àgbà tó dàgbà jù jẹ àrólé. Àwọn ọmọ yòókù, wọ́n á kó wọn lọ sí ìgbèríko tó jìnnà, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Tàwọn Manchu yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ọba ló ń fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jọba, ọmọ ọba sì ń ní ọmọ ogun lábẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ìlú. Kangxi mú àrólé gbangba látọ̀dọ̀ Ming, ó tún fi àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù sílẹ̀ ní Beijing pẹ̀lú agbára lọ́wọ́ wọn. Ogún ọmọkùnrin ló dàgbà lára àwọn tó bí.

Yinreng ló fi jẹ àrólé. Ọdún 1674 ni olorì àgbà bí i, ọjọ́ náà gan-an ni ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kéde rẹ̀. Kangxi wá pẹ́ lórí oyè, ọdún 61 ni, àrólé sì ń dúró. Bí àrólé bá ti hàn sí gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń wá ojúrere ọ̀la yóò máa lọ, bàbá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹni tó bá kórìíra rẹ̀ náà ti mọ ibi tí yóò dojú ọfà kọ.

Ní 1708, lójú ọ̀nà ìrìn-àjò ọdẹ, Kangxi kó àwọn ìjòyè jọ, ó sì bú sẹ́kún níwájú wọn. Ó ní alaalẹ́ ni Yinreng ń wá sí ẹ̀bá àgọ́ òun, tó ń yọjú wo òun láti ojú ibi tí aṣọ àgọ́ ti ya. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá májèlé lòní ni, tàbí ikú mìíràn lọ́la. Ó yọ ọ́ lóyè. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn ọbàkan bọ́ sójú agbo. Dáwódù ní tí bàbá bá fẹ́ kí Yinreng kú, kò pọn dandan kó jẹ́ ọwọ́ bàbá ni yóò pa á. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé ó ti bẹ láma kan, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, kó sà sí Yinreng àbúrò rẹ̀; wọ́n sé e mọ́lé títí tó fi kú. Kangxi ní kí àwọn ìjòyè dábàá ẹlòmíì, wọ́n dárúkọ Yinsi, ọmọ kẹjọ, inú sì bí ọba pé wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá Yinreng padà sípò ní 1709, ó tún yọ ọ́ ní 1712, kò sì dárúkọ àrólé kankan mọ́ ní gbangba.

Nígbà tó wàjà ní December 1722, Longkodo, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú, ló kéde pé Yinzhen, ọmọ kẹrin, ni bàbá yàn. Òun ni wọ́n ń pè ní Yongzheng lórí oyè. Ọmọ kẹrìnlá, iyekan rẹ̀, wà lójú ogun ní ìwọ̀-oòrùn nígbà náà. Àwọn kan ní wọ́n yí "kẹrìnlá" padà sí "kẹrin" nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe é gbà gbọ́, torí èdè Manchu wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlà kan tí wọ́n bá fà sára lẹ́tà Ṣáínà kò lè tún tìyẹn ṣe. Síbẹ̀ ó tàn kálẹ̀, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti wà nílẹ̀ kí bàbá tó kú. Ní 1726, Yinsi àti ọmọ kẹsàn-án kú sí àtìmọ́lé lẹ́yìn tí Yongzheng ti yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìdílé.

Ìwé tó ṣaláìsí yìí ni Yongzheng pèsè. Ní 1723, ó pe àwọn ọmọ ọba àti ìjòyè àgbà, ó sọ fún wọn pé òun ti kọ orúkọ kan, òun ti dì í, ó sì ní kí wọ́n gbé àpótí náà sẹ́yìn pátákó. Gbogbo wọn mọ̀ pé àrólé wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ ilé tí oyè ń lọ kò lè lọ kó ẹ̀bùn síbẹ̀, ọmọ ọba kọ̀ọ̀kan sì ní láti ṣọ́ ìwà ara rẹ̀ lójú bàbá, torí bàbá lè yí orúkọ padà láìsọ fún ẹnì kan. Ọba tún tọ́jú ẹ̀dà kejì sọ́dọ̀. Bí ọ̀kan bá jáde, wọ́n á fi wé èkejì.

Ó ṣiṣẹ́ ní 1735. Yongzheng wàjà lójijì lóru ní Yuanmingyuan, ààfin ọlọ́gbà rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Beijing. Àwọn ìwẹ̀fà ní àwọn kò mọ̀ nǹkan kan nípa ìwé. Ìjòyè Zhang Tingyu, tí ọba ti fi í hàn rí, ní kí wọ́n wá ohun tí wọ́n fi bébà òféèfé dì. Wọ́n rí i, ó kà á lábẹ́ fìtílà: Hongli ọmọ rẹ̀ ni, ẹni tó di ọba Qianlong. Kò sí ọbàkan tó janpata.

Ikú ọmọ ni ètò náà kò rí ṣe. Yonglian, tí Qianlong kọ́kọ́ yàn, kú ní 1738, ìgbà náà ni bàbá tó sọ pé orúkọ rẹ̀ ló wà nínú àpótí. Ìwé tí ọba Daoguang, ọmọ-ọmọ Qianlong, kọ ní 1846 ṣì wà ní Beijing títí dòní, Ṣáínà àti Manchu, inki pupa. Orúkọ méjì ló wà nínú rẹ̀: Yizhu, ọmọ kẹrin, yóò jọba, Yixin, ọmọ kẹfà, yóò jẹ oyè ọmọ ọba onípò kìíní. Lábẹ́ òrùlé ìyá Yixin ni Yizhu ti dàgbà lẹ́yìn tí ìyá tirẹ̀ kú. Ó jọ pé bàbá fẹ́ fi bébà kan ṣoṣo tu àwọn méjèèjì nínú.

Yizhu di Xianfeng. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní Rehe, ààfin àwọn ọba Qing ní àríwá Beijing, ní 1861, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní láyé, ọmọ ọdún márùn-ún. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ pamọ́ fún. Ó dárúkọ ọmọ náà lójú àwọn ìjòyè, kò sì sí orúkọ mìíràn tó tún wọ ẹ̀yìn pátákó yẹn.