Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ipò ọlọ́kọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Èkó àti Ìbàdàn, mọ́tò wà lára ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń wò kí ọkàn tó pinnu irú ẹni tó dé. Irú ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ọ̀nà tó gbà wọ orílẹ̀-èdè, àwọ̀ lẹ́tà ara nọ́ńbà rẹ̀, àga tí ọlọ́kọ̀ jókòó sí àti bí wọ́n ṣe ń wà á lójú pópó, gbogbo rẹ̀ ni aráàlú ń kíyè sí. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un kì í dúró sójú kan. Peugeot 504 tí ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìjọba ń gùn ní ọdún 1978 ti di ọkọ̀ akérò ní gáréèjì kí ọdún 1998 tó dé.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é

Orúkọ tí Yorùbá fún àwọn mọ́tò ti fi ipò wọn hàn. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni èyí tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí kì í pariwo. Akérò ni tẹni tó bá sanwó wọ̀ ọ́. Àjàgbé ń ru ẹrù. Bọ̀gìnnì ni ọkọ̀ tó ń dán, tí owó rẹ̀ kò kéré: ẹni tó bá ní "lágbájá ti ra bọ̀gìnnì" kò tíì dárúkọ iléeṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ ti mọ̀ pé owó wọlé. Mọ́tò ọlọ́yẹ́ ni èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí inú rẹ̀ tutù bí ìgbà ọyẹ́. Mercedes-Benz ni Mẹ̀sí, Volkswagen Beetle sì ni Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ roboto. Bọ́lẹ̀kájà ni lọ́rì onípákó tí èrò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú rẹ̀. Asọ̀ àárín kọ́ńdọ̀ àti èrò ló bí orúkọ náà, "bọ́ sílẹ̀ ká jà". Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Lẹ́gẹ́dísì Bẹ́ńsì ló ń gùn, ìyẹn ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ṣáájú mọ́tò, ẹṣin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọba, ìjòyè àti ológun ló ń gẹṣin, mẹ̀kúnnù ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní nǹkan bí ọdún 1906, ni ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó kọ́kọ́ fi títa mọ́tò àti títún un ṣe jẹun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, òyìnbó, ọba, oníṣòwò ńlá, dókítà àti lọ́yà nìkan ni wọ́n sábà ń rí nínú ayọ́kẹ́lẹ́.

Láti Ìjàpá dé tòkunbọ̀

Owó epo rọ̀bì ló mú mọ́tò dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ Udoji dábàá ẹ̀kúnwó ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tó sì di 1975, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1975 yẹn náà ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Èkó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó mọ́tò, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń ra Ìjàpá, ọ̀gá tó ti gòkè díẹ̀ ń gun 504, agbaṣẹ́ṣe àti olóyè ń gun Mẹ̀sí. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ láàárọ̀ lè to àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 13 oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed nínú Mẹ̀sí dúdú rẹ̀ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láìsí ọ̀wọ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan títí dòní, ojú ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó tẹ̀lé e ní kí àwọn aláṣẹ rẹ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi Mẹ̀sí sílẹ̀, kí wọ́n máa gun 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná. Àmọ́ kàkà kí èyí sọ àwọn aláṣẹ di gbáàtúù, 504 ló di ọkọ̀ aláṣẹ. Bí èyí tó jẹ́ ọlọ́yẹ́ bá yọ, tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, àwọn ènìyàn á ti mọ̀ pé ìjọba ló ń kọjá.

Nígbà ìjọba yẹn náà ni òfin kan jáde ní Èkó láti dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kù. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣe é pín. Àwọn tó lówó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n sì ń jáde lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ẹyọ kan ló ń wọ mólúè lọ́jọ́ tí kò kàn án. Òfin yìí wá fi ẹni tó ní mọ́tò méjì hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ní ẹyọ kan, èyí tí kò hàn gbangba tẹ́lẹ̀.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Ìbráhíìm Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Náírà já wálẹ̀, owó mọ́tò tuntun fò kọjá agbára olùkọ́ yunifásítì àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba tó ti ń gun tuntun tẹ́lẹ̀. Èyí jẹ́ ọgbẹ́ ńlá fún ìran kan tó gbà pé ìwé kíkà ló ń mú mọ́tò wá. Ìgbà yẹn ni tòkunbọ̀ kún ìgboro. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kí wọ́n tó mú un wálé. Wọ́n wá fi pe ọkọ̀ tí àwọn aráa Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ti lò kí wọ́n tó kó o wá. Púpọ̀ nínú wọn ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, wọ́n á sì gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé, títí ìjọba Nàìjíríà fi fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017.

Àtìgbà náà ni ipò mọ́tò ti di mẹ́ta. Tíà-rọ́bà ni tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Tòkunbọ̀ ló tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dára ju tòkunbọ̀ mìíràn lọ. Ọkọ̀ méjì lè jẹ́ Corolla ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà. Kí ẹni tó ra tòkunbọ̀ ṣáà ti sọ pé "èmi ni mo kọ́kọ́ wà á ní Nàìjíríà", ó ti ga ju ẹnìkejì lọ. Àwọn èèyàn a tún máa fi orúkọ ìnagijẹ ya ọdún sọ́tọ̀: Mercedes kan ni "V-Boot", Camry kan ni "Big Daddy", èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni "Muscle", Honda Accord ti 2003 ni "End of Discussion". Nígbà tí Honda yí ojú rẹ̀ padà díẹ̀ ní 2006, wọ́n sọ ìyẹn ní "Discussion Continues". Ọkọ̀ gíga èyíkéyìí ni jíìpù, iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

504 ní tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ọwọ́ ọ̀gá, ó dé ọwọ́ akọ̀wé; láti ọwọ́ akọ̀wé, ó di takisí. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ló ń kó èrò láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Benin. Àwọn dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Àga tí ẹnìkan jókòó sí

Ibi tí ènìyàn jókòó sí nínú ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ipò rẹ̀ ju irú ọkọ̀ náà lọ. Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, awakọ̀ sì ń jókòó lápá òsì. Nítorí náà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni àga ọ̀gá. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wo ẹ̀gbẹ́ ojú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lọ́ọ̀kánkán, ẹ̀gbẹ́ títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí sí. Ẹni tó ní dẹ́rẹ́bà kò ní jókòó síwájú àfi tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó fẹ́ bá a sọ. Corolla tí ọlọ́kọ̀ wà lẹ́yìn, tó ń ka ìwé ìròyìn, lè gba ìkíni tí jíìpù tí olúwa rẹ̀ ń wà fúnra rẹ̀ kò ní gbà.

Fún ìdí èyí, ẹni tí ọ̀rẹ́ fi ọkọ̀ gbé kì í dá jókòó sẹ́yìn. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bojú wẹ̀yìn: "Ṣé dẹ́rẹ́bà ẹ ni mí ni? Jọ̀ọ́, bọ́ síwájú." Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n gbé, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Iwájú ni àyè ọlá nínú ọkọ̀ ọmọ ẹni, nítorí náà ìyàwó á bọ́ sẹ́yìn fún ìyá ọkọ: "Màámi, ẹ bọ́ síwájú." Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti gba dẹ́rẹ́bà, ìyá kan náà yóò jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ọmọ á sì lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà tàbí kó jókòó lápá òsì. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ òfin yìí sí, síbẹ̀ ó ṣòro kí wọ́n tó ṣì í.

Níbi òde ìnáwó ni gbogbo rẹ̀ ti ń hàn kedere. Mégáàdì tó wà lẹ́nu géètì kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń bọ̀, ojú ọkọ̀ nìkan ló mọ̀. Bí Prado bá ré dé, á ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu: "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, àyè wà níwájú." Bí Micra bá tẹ̀lé e, ọwọ́ ni yóò fi júwe òdìkejì títì fún un. Mégáàdì náà kò ṣàìmọ̀ pé ẹni tó wà nínú Micra lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yá mọ́tò nítorí ọjọ́ kan.

Ìwà lójú pópó

Gíláàsì títì àti gíláàsì ṣíṣí ni ìyàtọ̀ tí ojú kọ́kọ́ ń rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọlọ́yẹ́ ti gíláàsì rẹ̀, ariwo kọ́ńdọ̀ dáńfó tó ń kígbe "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" kò dé etí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti bàjẹ́, àmọ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, lè ti gíláàsì kó sì máa làágùn nínú rẹ̀. Gíláàsì dúdú tún jẹ́ ọ̀tọ̀: òfin 1991 kò fàyè gbà á láìsí ìwé àṣẹ, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ní in ń sọ fún ọlọ́pàá pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ńlá wà nínú òun.

Ohun tó wà lára gíláàsì iwájú àti dáṣíbọọ̀dù náà ń jíṣẹ́. Fìlà ṣọ́jà tí wọ́n gbé síbi tí ọlọ́pàá á ti rí i, aṣọ lọ́yà tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn, sítíkà ẹgbẹ́ dókítà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹ̀súteètì tí kì í jẹ́ kí àlejò wọlé: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ kọjá. Lẹ́tà ara nọ́ńbà tún ṣe tirẹ̀: búlúù fún ọkọ̀ aládàáni, pupa fún ọkọ̀ akérò, àwọ̀ ewé fún ti ìjọba. Àwọn ọba ní tiwọn a máa kọ orúkọ oyè wọn síbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà.

Fèrè títẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn bákan náà. Dáńfó ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ á ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ jíìpù onígíláàsì dúdú lẹ́yìn. Irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ní Kalifóníà, Anthony Doob àti Alan Gross tẹ ìwádìí jáde ní 1968 tó fi hàn pé bí iná ojú títì bá ti fi àyè sílẹ̀ tí ọkọ̀ iwájú kò lọ, àwọn awakọ̀ ń tètè tẹ fèrè mọ́ ọkọ̀ gbẹ̀kútẹ̀ ju ọkọ̀ olówó lọ. Níbẹ̀ náà, Paul Piff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2012 pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ olówó ńlá ló ń gba iwájú ẹni tó fẹ́ sọdá jù.

Ní Èkó, gbígba wọ́n-wéè àti ojú ọ̀nà BRT tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí ní 2008, ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti àwọn tó wà lókè pátápátá ló ń ṣe é: dáńfó nítorí owó ojúmọ́, ọ̀wọ́ ọkọ̀ onísáírìn nítorí pé kò sẹ́ni tó máa mú un. Olówó oṣù tó wà láàárín ló sábà ń dúró, nítorí owó ìtanràn á dùn ún, kò sì ní ẹni tó máa pè. Bàbátúndé Fáṣọlá, gómìnà láti 2007 sí 2015, kì í lo sáírìn. Ní 2012 ó dá àwọn ọ̀gá ológun dúró fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà BRT, òfin ìrìnnà tuntun ìpínlẹ̀ náà sì jáde lọ́dún kan náà. Ìran yẹn ya àwọn aráàlú lẹ́nu ju òfin náà fúnra rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn 2014

Uber, iléeṣẹ́ takisí tí wọ́n ń fi fóònù pè, dé Èkó ní 2014, Taxify tó padà di Bolt sì tẹ̀lé e. Corolla tó mọ́ tónítóní, tó ní nọ́ńbà oní-lẹ́tà búlúù, tí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn nínú rẹ̀, lè wá jẹ́ takisí. Bí ọ̀dọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn ará àdúgbò kò lè dá a mọ̀ mọ́ bóyá dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ló gbé e wá.

Yíyọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tún yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó lítà kan kúrò ní abẹ́ ₦200, ó sì dé nǹkan bí ₦500. Ó ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n fi ń yangàn tẹ́lẹ̀, di ẹrù. Àwọn tó ń ra mọ́tò ń béèrè oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin láìtijú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, jíìpù wà nínú ọgbà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, olúwa rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n á ká aṣọ náà kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́ dan, wọ́n á sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bátìrì má baà kú.