Ẹ̀yìn là ń bẹ̀rù, iwájú ni jàǹbá kẹ̀kẹ́ ti ń wá

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣeré. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà máa kọjú sí ọkọ̀. Tí o bá ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa já lù ọ́ lẹ́yìn." Mo gbà á gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbà lórí kẹ̀kẹ́, òun ló léwu jù. Kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń sọ ọ́. Níbikíbi tí èèyàn bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì kan náà pẹ̀lú mọ́tò, ẹ ó bá ẹni tó gbà pé ẹ̀yìn ni ikú ti ń wá, torí ìpàkọ́ ò lójú.

Ẹ̀rù yẹn yé mi. Ta ni àyà rẹ̀ kì í já tó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó ń sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ti yá ìmọ̀ràn náà. Wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé pé tí títì kò bá ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó dára fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń rìn kì í ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ ní wákàtí kan, tó bá sì rí ewu, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti bọ́ sínú koríko. Kẹ̀kẹ́ kò lè fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ dagun kó tó yà, eré tó sì ń bá bọ̀ ṣì ń gbé e lọ síwájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mọ́tò ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí, kẹ̀kẹ́ ń sá 20. Tí àwọn méjèèjì bá dorí kọ ibì kan náà, eré kìlómítà 30 ni mọ́tò fi ń lé kẹ̀kẹ́ bá. Tí wọ́n bá kọjú síra, ó di 70. Tí mítà 50 bá wà láàárín wọn, dírẹ́bà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 6 láti rí kẹ̀kẹ́, kó ronú, kó tẹ bíréèkì tàbí kó yà fún un. Èyí tó ń bọ̀ níwájú kò ní tó 3. Ẹni tó wà lẹ́yìn tún lè dín eré kù, kó máa wọ́ tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ títí àyè á fi yọ. Èyí tó wà níwájú, bó tiẹ̀ dúró pátápátá, kẹ̀kẹ́ ṣì ń bọ̀ wá bá a. Tí wọ́n bá wá kọlu ara wọn ńkọ́? Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára ìkọlù á di ìlọ́po 4. Láti 30 sí 70, ó ju ìlọ́po 5 lọ.

Síbẹ̀, orí títì gbọọrọ kọ́ ni ẹni tó kọjú sí ọkọ̀ ti sábà máa ń bá jàǹbá pàdé. Oríta ni, tàbí ẹnu géètì. Dírẹ́bà tó fẹ́ já sójú títì máa ń wo ibi tí ọkọ̀ ti ń wá. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òsì ló ń wò. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì, tó bá fẹ́ yà sósì, ọ̀tún ló ń wò. Tó bá ti rí i pé ibẹ̀ ṣófo, ó wọlé. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti apá kejì kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe gbá ẹ̀gbọ́n gan-an nìyẹn. Obìnrin tó wa mọ́tò náà ń gbọ̀n, ó ṣáà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí wọn, mi ò rí wọn rárá." Inú bí wa, a ní irọ́ ló ń pa. Kò purọ́. Ibi tó yẹ kó wò ló wò. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn rí mọ́tò náà dáadáa, kedere, kó tó gbá wọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà kò bọ́ nínú èyí: bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ibi tí dírẹ́bà kò retí rẹ̀ ló ti ń yọ.

Ṣé ẹ̀yìn wá kò léwu ni? Ó léwu. Ní 1977, Kenneth Cross àti Gary Fisher parí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, lórí bí kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣe ń kọlu ara wọn. Wọ́n rí i pé ìdá kékeré ni gbígbá láti ẹ̀yìn jẹ́ nínú gbogbo ìkọlù. Oríta àti ẹnu ọ̀nà ló pọ̀ jù. Àmọ́ nínú àwọn tó kú, ti ẹ̀yìn pọ̀ gan-an. Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú, lálẹ́, tí mọ́tò ń sáré, tí kẹ̀kẹ́ kò níná: ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn ti bá òótọ́ pàdé. Iná pupa lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí kò níná, tó sá lọ kọjú sí ọkọ̀ lóru, ó kàn pààrọ̀ ibi tí wọ́n á ti gbá a ni.

Ìkọlù oríta kan wà tó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ mọ̀ bí ẹni mowó. Tírélà dúró nídìí iná adarí ọkọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Dírẹ́bà wà lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti bo oníkẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, dígí kò sì fi í hàn. Iná yí padà. Tírélà fẹ́ yà sí apá ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ṣùgbọ́n kó lè ráyè kọ igun, ó kọ́kọ́ fà sí apá kejì díẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ rí àlàfo tó ń fẹ̀ lójú rẹ̀, ó rò pé wọ́n fún òun láyè ni, ó wa síwájú. Ìgbà yẹn ni ara ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ gígùn kì í tẹ ipa táyà iwájú. Inú igun ló máa ń gé wọ̀. Àlàfo náà á wá fún díẹ̀díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní ibi tó máa gbà mọ́. Ẹ dúró sẹ́yìn tírélà. Tí ẹ kò bá rí ojú dírẹ́bà nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín.

Ẹ̀rù ẹ̀yìn kan náà ló ń lé àwọn míì lọ há mọ́ etí títì. Etí yẹn ni iyanrìn ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni irin ojú gọ́tà wà, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti ń ya. Táyà iwájú bọ́ sílẹ̀ létí ọ̀dà, ẹ wá ń fi ẹ̀gbẹ́ fà á padà sókè díẹ̀díẹ̀. Etí ọ̀dà á máa ta á nù. Yíyí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ fi ń dúró, bí kò bá ti lè yí, ó ṣubú nìyẹn, sí àárín títì tí ẹ ń sá fún gan-an. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá dá a kọjá gbọnrangandan. Ní ti mọ́tò tó páàkì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí jáde tó nǹkan bíi mítà kan. Kẹ̀kẹ́ tó ń sá kìlómítà 20 ń jẹ mítà 5 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ò ní ráyè pariwo pàápàá. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn tó wà nínú mọ́tò níyànjú, láti January 2022, pé kí wọ́n fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i. Ara á yí, ojú á sì bojú wẹ̀yìn. Ọgbọ́n ńlá tí kò náni ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dé ọsibítù nítorí kẹ̀kẹ́, mọ́tò kankan kò fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn nìkan ló gbé ara wọn ṣubú. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti ṣe é. Mo so báàgì oúnjẹ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń jù fìrìfìrì. Ó wọnú irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ táyà iwájú, àwọn irin náà yí i gbá irin tó di táyà mú, táyà dúró gbọ̀n-ín. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Ọmọdé tí wọ́n gbé sẹ́yìn, tí wọn ò fún ní ibi gbé ẹsẹ̀ lé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ló ń bá irin táyà ẹ̀yìn lọ.

Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ló bí ìgbàgbọ́ òdì kejì: pé ẹni bá fa bíréèkì iwájú, ó máa tàkìtì. Ẹ̀yìn nìkan làwọn èèyàn wá ń fà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, ìwọ̀n ara wa ń sún síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, fífúyẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lè di ilẹ̀ mú. Lórí ọ̀nà gbígbẹ, láti kìlómítà 25 ní wákàtí, ẹni tó bá fa méjèèjì, tó rọra ń fún ti iwájú mọ́lẹ̀, tó na ọwọ́ rẹ̀ gan, tó sì fi ìdí sẹ́yìn, lè dúró láàárín nǹkan bíi mítà 5. Ẹni tó bá fa ti ẹ̀yìn nìkan á lò tó mítà 10. Ẹni tó ń tàkìtì ni ẹni tó já a gbà lójijì, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Lẹ́yìn jàǹbá ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ wọn wálé. Mo wo rọ́bà bíréèkì rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ti jẹ dé irin. Ti iwájú ṣì rí bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.